Éjẹ́ńtì tí kò sí nínú ẹgbẹ́, ṣé ó lẹ́tọ̀ọ́ sí àkọsílẹ̀ ilé? Ẹjọ́ Amẹ́ríkà tó kan Kàbà àti Ìsánlú

Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó bá fẹ́ máa bá èèyàn ta ilé gbọ́dọ̀ gba láísẹ́ńsì lọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀. Yóò kẹ́kọ̀ọ́, yóò jókòó ṣe ìdánwò, kí wọ́n tó fún un níwèé àṣẹ. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ìlú níbẹ̀, láísẹ́ńsì nìkan kò tó. Àkọsílẹ̀ tí àwọn éjẹ́ńtì ń kó ilé tí wọ́n fẹ́ tà sí, èyí tí wọ́n ń pè ní MLS, wà lábẹ́ àkóso ẹgbẹ́ wọn. Ẹni tí kò bá sí nínú ẹgbẹ́, tí kò san owó ẹgbẹ́, kò ní rí ọ̀nà wọ inú àkọsílẹ̀ náà. Ó ti tó nǹkan bí àádọ́ta ọdún tí wọ́n ti ń fa èyí mọ́ra wọn lọ́wọ́ nílé ẹjọ́, ó sì tún ti gbóná láìpẹ́ yìí: ṣé ó yẹ kí ẹgbẹ́ kan gba ohun èlò iṣẹ́ sọ́wọ́, kó wá máa fi mú èèyàn wọ ẹgbẹ́ ní túláàsì?

Àwa tí a wà ní Kàbà, Ìyàrà, Mọ̀pà tàbí Ìsánlú ní ìpínlẹ̀ Kogi lè rò pé ọ̀rọ̀ òyìnbó lèyí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àkọsílẹ̀ ilé wà lọ́dọ̀ tiwa náà, àfi pé inú fóònù ló wà. Ó wà nínú gúrúùpù WhatsApp, ó wà nínú ìwé jótà éjẹ́ńtì, díẹ̀ nínú rẹ̀ sì wà lórí àwọn ojú òpó bíi Nigeria Property Centre, PropertyPro àti Jiji. Nínú gúrúùpù, ádímíìnì ló ń pinnu ẹni tó máa wọlé àti ẹni tí wọ́n máa yọ dànù. Ó yẹ ká mọ ohun tí àwọn ará ọ̀hún ń jà lé lórí, ká lè mọ èyí tó bá tiwa mu nínú rẹ̀.

Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn éjẹ́ńtì Amẹ́ríkà máa ń pàdé ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́ wọn, oníkálukú á sọ ilé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àdéhùn ibẹ̀ ni pé bí o bá bá mi rí ẹni tó máa ra èyí tó wà lọ́wọ́ mi, màá fún ọ nínú kọmíṣọ́n mi. Bó bá kan tìẹ, wàá ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi. Ní 1908, wọ́n dá ẹgbẹ́ àpapọ̀ sílẹ̀ ní Chicago, òun ló di National Association of Realtors tí wọ́n ń pè ní NAR lónìí. Ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń lọ sí mílíọ̀nù kan àtààbọ̀. Ohun tí wọ́n ń fẹnu sọ di ìwé tí wọ́n ń tẹ̀, ìwé di kọ̀ǹpútà. Kì í ṣe àkọsílẹ̀ ẹyọ kan fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Nǹkan bí 500 ni wọ́n, agbègbè kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú tirẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ àdúgbò tó wà lábẹ́ NAR ló sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn.

Lóòótọ́, ará ìta lè rí fọ́tò ilé àti iye rẹ̀ lórí ojú òpó íntánẹ́ẹ̀tì bíi Zillow. Ohun tó wà nínú MLS fúnra rẹ̀ ju ìyẹn lọ: ọjọ́ tí ilé ti wà lórí àtẹ, ìgbà tí wọ́n já owó rẹ̀ wálẹ̀, ọ̀nà tí éjẹ́ńtì máa gbà wọlé lọ fi han oníbàárà. Èyí tó wá ṣe kókó jù lọ ni àǹfààní láti gbé ilé tí onílé fi lé ọ lọ́wọ́ síbẹ̀, kí gbogbo éjẹ́ńtì yòókù lè rí i. Éjẹ́ńtì tí kò ní èyí dà bí ẹni tó gbé igbá ọjà rẹ̀ jókòó sí ẹ̀yìnkùlé.

Ẹjọ́ kan tó tú ọ̀rọ̀ yìí palẹ̀ dáadáa dé ilé ẹjọ́ tó ga jù ní ìpínlẹ̀ California ní 1976. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Palsson ní láísẹ́ńsì, ó ń bá èèyàn ta ilé, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó fi ń jẹun gan-an ni ẹ̀ńjíníà inú ọkọ̀ òfuurufú. Ẹgbẹ́ àwọn éjẹ́ńtì ní Marin County ní àwọn kò gba ẹni tí kò fi ilé títà ṣe olórí iṣẹ́ rẹ̀, àti pé ọmọ ẹgbẹ́ kò gbọ́dọ̀ bá ẹni tí kò sí nínú ẹgbẹ́ ṣiṣẹ́. Ilé ẹjọ́ ní rárá o. Àti ẹgbẹ́ tí wọ́n kọ̀ láti gbà á sí, àti àkọsílẹ̀ tí wọ́n fi dù ú, méjèèjì ló tàpá sí òfin ìdíje ọjà ìpínlẹ̀ náà.

Mo fẹ́ràn ẹjọ́ Palsson torí ó jọ tiwa. Ta ni éjẹ́ńtì ní Kàbà? Tíṣà ni, tó jẹ́ pé ìgbà tó bá jáde níléèwé ló ń mú èèyàn lọ wo ilé. Oní-POS ni, tó mọ gbogbo ẹni tó ń wá yàrá torí ojú rẹ̀ ni wọ́n ń gbà kọjá. Bíríkìlà ni, tó mọ ilé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí torí òun ló kọ́ ọ. Bí ẹgbẹ́ kan bá dìde lọ́la pé ẹni tí kò bá fi éjẹ́ńtì ṣe iṣẹ́ òòjọ́ kò gbọ́dọ̀ dá sí i mọ́, àwọn tó mọ ibi tí ilé wà gan-an ni wọ́n máa lé jáde.

Ní 1991, ẹjọ́ mìíràn tún wáyé ní agbègbè Atlanta. Thompson lorúkọ ẹni tó pè é. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó Alabama, Florida àti Georgia sọ pé bí àwọn tó ń bára wọn díje bá para pọ̀ so àkọsílẹ̀ mọ́ ẹgbẹ́, tí wọ́n sì fi ti ẹlòmíràn síta, ó lè jẹ́ ohun tí òfin ìdíje kà léèwọ̀. Látìgbà náà ni àkọsílẹ̀ ti ṣí fún ẹni tí kò sí nínú ẹgbẹ́ ní ìpínlẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìpínlẹ̀ yòókù ńkọ́? Àṣẹ ilé ẹjọ́ yẹn kò dé ọ̀dọ̀ wọn, oníkálukú ń ṣe bó ṣe wù ú. Ibòmíràn sì wà tí àkọsílẹ̀ kò sí lọ́wọ́ NAR rárá. Northwest MLS tí wọ́n ń lò ní agbègbè Seattle, àwọn iléeṣẹ́ éjẹ́ńtì fúnra wọn ló ni ín, iṣẹ́ sì ń lọ bó ṣe yẹ. Ẹni tó bá ń sọ pé láìsí ẹgbẹ́ gbogbo nǹkan á dàrú ní láti kọ́kọ́ ṣàlàyé ti Seattle fún wa.

Ohun tó dá iná sí ọ̀rọ̀ náà láìpẹ́ yìí ni ẹjọ́ kọmíṣọ́n, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń pò pọ̀ mọ́ ọn. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 2023, ìgbìmọ̀ ará ìlú tó ń bá adájọ́ gbọ́ ẹjọ́ ní Kansas City dá NAR àti àwọn iléeṣẹ́ ńlá kan lẹ́bi pé wọ́n lẹ̀dí àpò pọ̀ láti mú kọmíṣọ́n lọ sókè. Owó tí wọ́n bù lé wọn jẹ́ nǹkan bí bílíọ̀nù 1.8 dọ́là. Ní oṣù Kẹta 2024, NAR gbà láti san mílíọ̀nù 418 dọ́là kí ẹjọ́ lè parí. Láti ọjọ́ 17 oṣù Kẹjọ ọdún náà, wọn kò gbọ́dọ̀ kọ iye tí éjẹ́ńtì olùrà máa gbà sínú àkọsílẹ̀ mọ́, éjẹ́ńtì sì gbọ́dọ̀ bá olùrà tọwọ́ bọ̀wé kó tó mú un lọ wo ilé.

Ẹjọ́ kọmíṣọ́n nìyẹn, kì í ṣe ti ẹni tó lè wọ àkọsílẹ̀. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, òun ló gba ọ̀pá ìtilẹ̀ kúrò lọ́wọ́ ẹgbẹ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀, àwíjàre wọn ni pé àdéhùn owó wà láàárín àwọn tó ń lo àkọsílẹ̀, ẹni tó bá máa jẹ nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ òfin kan náà. Nígbà tí àdéhùn owó ti kúrò níbẹ̀, kí ló kù? Ìròyìn ilé ló kù: yàrá mélòó, iye, àdírẹ́sì. Redfin, iléeṣẹ́ tó ń ta ilé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ti kéde nínú oṣù Kẹwàá 2023 kan náà pé òun máa ní kí àwọn éjẹ́ńtì òun kúrò nínú NAR níbi tó bá ti ṣeé ṣe. Ibi tí kò ti ṣeé ṣe ni ibi tí wọ́n ti so àkọsílẹ̀ mọ́ ẹgbẹ́. Iléeṣẹ́ tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ kò rí ọ̀nà gbé e gbà.

Owó ẹgbẹ́ náà kì í ṣe kékeré. Ní 2024, ti NAR nìkan jẹ́ dọ́là 156, pẹ̀lú dọ́là 45 fún ìpolówó. Ti ìpínlẹ̀ wà lọ́tọ̀, ti àdúgbò wà lọ́tọ̀, owó àkọsílẹ̀ fúnra rẹ̀ tún wà lọ́tọ̀.

Mi ò fojú pa àwíjàre ẹgbẹ́ rẹ́ o. Láti 1913 ni wọ́n ti ní ìlànà ìwà ọmọlúàbí tí ọmọ ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé. Bí éjẹ́ńtì méjì bá ń jà lórí kọmíṣọ́n, ẹgbẹ́ á pè wọ́n jókòó, á parí rẹ̀ láìdé kóòtù. Ẹni tó bá kọ irọ́ sínú àkọsílẹ̀, wọ́n lè bu owó ìtanràn lé e. Àwọn ló dá àkọsílẹ̀ náà sílẹ̀, àwọn ló ń náwó lé e, wọ́n sì ń bèèrè pé kí ló dé tí ẹni tí kò bá wọn gbin máa wá bá wọn kórè. Èsì tó wà fún ìyẹn ni pé kí ẹni tó ń bọ̀ san owó ohun tó fẹ́ lò, kó tọwọ́ bọ ìwé pé òun máa tẹ̀ lé òfin àkọsílẹ̀, kí wọ́n jẹ ẹ́ níyà bó bá rú u. Kò pọn dandan kó tún san owó ìpàdé àti owó ìpolówó ẹgbẹ́ tí kò bá wọn ṣe. Wọ́n ti ń ṣe irú rẹ̀ ní Georgia láti ọjọ́ pípẹ́, ọjà ilé ibẹ̀ kò sì wó.

Kánádà náà la irú rẹ̀ kọjá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà ibòmíràn ló gbé e gbà. Àjọ tó ń mójú tó ìdíje níbẹ̀ gbé ẹgbẹ́ àwọn éjẹ́ńtì Toronto lọ síwájú ìgbìmọ̀ ìdájọ́ ní 2011 torí pé wọn kò jẹ́ kí àwọn éjẹ́ńtì tó ń fi íntánẹ́ẹ̀tì ṣiṣẹ́ fi iye tí wọ́n ta ilé han àwọn oníbàárà wọn. Wọ́n fà á títí di 2018 kí ilé ẹjọ́ tó ga jù tó kọ̀ láti gbọ́ ẹ̀bẹ̀ ẹgbẹ́ náà.

Tiwa ńkọ́?

Ní Nàìjíríà, ẹgbẹ́ kò wọ́n wa. Ẹgbẹ́ àwọn estate surveyor, ìyẹn àwọn tó kọ́ṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń díye lé ilé àti ilẹ̀, NIESV, ti wà láti 1969. Òfin ọdún 1975 ló dá ìgbìmọ̀ ESVARBON sílẹ̀ láti máa forúkọ wọn sílẹ̀. Àwọn tó ń kọ́ ilé tà ní REDAN, àwọn éjẹ́ńtì mìíràn náà ní oríṣiríṣi ẹgbẹ́ tiwọn. Èkó tilẹ̀ dá àjọ LASRERA sílẹ̀ láti máa mójú tó wọn. Ṣùgbọ́n kúrò ní Èkó àti Abuja, kó o wá dé ilẹ̀ Ọ̀kun tiwa níbí, ẹ̀ẹ̀kan lọ́gbọ̀n lo máa rí éjẹ́ńtì tó ní káàdì ẹgbẹ́ kankan lápò. Nọ́ńbà fóònù ni láísẹ́ńsì wọn.

Nítorí náà òdìkejì ti Amẹ́ríkà ni ìṣòro tiwa. Níbẹ̀, wọ́n mọ ẹni tí éjẹ́ńtì jẹ́, wọ́n wá ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Níhìn-ín, ilẹ̀kùn ṣí gbayawu, kò sí ẹni tó mọ ẹni tó wọlé.

Ẹ wo irú ìkéde tó máa ń wá: "Sẹ́ẹ̀fù kọ̀ntéènì tuntun, Kàbà, omi wà, iná wà, ẹ pè mí kíákíá." Kò sí iye, kò sí àdúgbò, àfi fọ́tò ilé ìdáná kan tó ní táìsì funfun. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, fọ́tò yẹn kan náà á yọ nínú gúrúùpù kejì, nọ́ńbà ẹlòmíràn ló wà lábẹ́ rẹ̀, iye á sì ti gorí iye. Éjẹ́ńtì kẹta á gé orúkọ tó wà lára fọ́tò kúrò, á gbé e sí sítétọ́ọ̀sì. Ẹni tó ń wá ilé, bóyá akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí àyè wọ yunifásítì ní Kàbà, tàbí ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́ ní iléeṣẹ́ sìmẹ́ńtì Ọbájánà, á pe àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Á san owó ìwolé fún oníkálukú. Ẹnu géètì kan náà ni gbogbo wọn máa mú un dé. Onílé tó wà ní Abuja kò mọ èyíkéyìí nínú wọn. Àbúrò rẹ̀ ló fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ fún ẹnì kan.

Ti ilé àyágbé ṣì kéré. Ilẹ̀ ni iṣẹ́ ńlá. Òfin Ilẹ̀ ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sábẹ́ gómìnà, ó sì fún ìjọba ìbílẹ̀ lágbára lórí ilẹ̀ tí kì í ṣe ti ìgboro, ṣùgbọ́n a mọ̀ pé ilẹ̀ ẹbí ṣì ni ilẹ̀ ẹbí. Láti 1959, nínú ẹjọ́ Ekpendu àti Erika, ni ilé ẹjọ́ ti là á yé wa: bí ọmọ ẹbí kan bá ta ilẹ̀ ẹbí láìsí ọwọ́ olórí ẹbí níbẹ̀, òfo ni títà náà. Bí olórí ẹbí bá dá a tà láìbá àwọn àgbà ẹbí yòókù sọ ọ́, ẹbí lè lọ fagi lé e. Ọmọ wa tó wà ní òkè òkun tó ń pe ilé pé, "Ẹ̀gbọ́n, plọ́ọ̀tì tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ yẹn, ṣé ó ṣì wà?" kò lè rí ìyẹn lórí fọ́tò. Èsì tó máa gbà ni, "Ó wà o, àbúrò, àmọ́ ẹnì kan ti ń dà á láàmú, tètè wá nǹkan ṣe." Bó bá sanwó tán ló máa ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé ẹ̀ka mìíràn nínú ẹbí kò fọwọ́ sí i.

Tí àwọn kan bá wá ní àwọn fẹ́ da gbogbo àwọn éjẹ́ńtì agbègbè wa pọ̀ sábẹ́ àkọsílẹ̀ kan, tí wọ́n sì ní ọmọ ẹgbẹ́ nìkan ló máa lò ó, èmi kò ní bá wọn lọ. Káàdì ẹgbẹ́ kò sọ ẹni tó ni ilẹ̀. Mo ti rí i níbi púpọ̀ pé owó ìforúkọsílẹ̀ ni ẹgbẹ́ ń bèèrè, wọn kì í bèèrè ìwé àṣẹ tí onílé fún éjẹ́ńtì. Ó sì yẹ kí wọ́n rántí pé Nàìjíríà náà ní òfin ìdíje, ti ọdún 2018, tó gbé FCCPC kalẹ̀, àjọ tó ń mójú tó ìdíje ọjà. Àwọn oníṣòwò tó bá para pọ̀ láti dínà mọ́ ẹlòmíràn lè bá ara wọn níwájú rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ ni kí àkọsílẹ̀ ṣí fún tíṣà, fún bíríkìlà, fún oní-POS, ṣùgbọ́n kí ìkéde má ṣe wọlé láìní orúkọ ẹni tó gbé e síbẹ̀. Ká mọ ẹni náà, pẹ̀lú NIN rẹ̀ lọ́dọ̀ alábòójútó. Ká mọ onílé tó fún un láṣẹ, bó ti wù kí àṣẹ náà kúrú tó, ìbáà jẹ́ ìlà mẹ́ta tí onílé kọ tó sì fọwọ́ sí. Tó bá jẹ́ ilẹ̀, kí orúkọ olórí ẹbí àti àgbà kan ó kéré tán wà níbẹ̀, pẹ̀lú ìwé sọ́féè bó bá wà. Bí kò bá sí, kí ìkéde sọ pé kò sí. Kí ìkéde ní déètì, kó sì parẹ́ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn oṣù kan bí ẹni tó gbé e síbẹ̀ kò bá wá sọ pé ó ṣì wà. Tó bá jẹ́ Lọ́kọ́ja ni ilé náà wà, kí wọ́n sọ bóyá omi dé ibẹ̀ ní 2012 àti 2022. Ìyẹn nìkan á gba ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́ ìbànújẹ́, torí kò sí éjẹ́ńtì tó máa fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́.

Òfin tó gbógun ti fífi owó ìdọ̀tí ṣòwò, ti ọdún 2022, pàápàá ti fi ìdí ohun kan múlẹ̀: ẹni tó ń ta ilé àti ilẹ̀ gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ SCUML, ẹ̀ka tó ń ṣọ́ owó ìdọ̀tí lábẹ́ EFCC, ẹnì kan kò sì gbọ́dọ̀ san ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ lówó ṣíṣán. Òfin yìí kò béèrè ẹgbẹ́ tí o wà. Ohun tó ń béèrè ni pé ta ni ọ́, ta ni oníbàárà rẹ.

Ibì kan wà tí n kò fẹ́ kó ṣí rárá, àwọn tó ń pariwo pé kí gbogbo rẹ̀ ṣí kì í sì í rántí rẹ̀. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Èkó, Abuja àti òkè òkun ti kọ́ ilé ńláńlá sí Mọ̀pà, Ìsánlú àti káàkiri Yàgbà, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ kò ní olùgbé àfi ní Kérésìmesì. Ní àkókò tí àwọn ajínigbé ń dà wá láàmú lójú ọ̀nà àti lóko yìí, àkọsílẹ̀ tó ń sọ fún gbogbo ayé pé ilé báyìí ṣófo, pẹ̀lú àwòrán géètì àti ojú ọ̀nà tó lọ síbẹ̀, ewu ni. Bákan náà ni ewu wà fún éjẹ́ńtì tó ń tẹ̀ lé àjèjì lọ wo ilẹ̀ lẹ́yìn ìlú. MLS Amẹ́ríkà ti yanjú apá kan nínú èyí: ohun tí ará ìlú ń rí yàtọ̀ sí ohun tí éjẹ́ńtì ń rí. Nọ́ńbà tí wọ́n fi ń ṣí àpótí kọ́kọ́rọ́ kì í jáde síta. Àwa náà lè fi àdúgbò àti iye síta, ká fi ojúlé gan-an sílẹ̀ fún ẹni tí a mọ orúkọ rẹ̀. Òfin ààbò ìròyìn ẹni, ti ọdún 2023, sì ti sọ ọ́ di dandan pé ẹni tó bá ń kó orúkọ àti nọ́ńbà èèyàn jọ gbọ́dọ̀ dáàbò bò ó.

Ta ló wá máa tọ́jú rẹ̀? Bó bá wà lọ́wọ́ éjẹ́ńtì kan, á máa yọ àwọn tó ń bá a díje. Bó bá wà lọ́wọ́ ìjọba, ẹ̀rù ń bà mí pé á kú sí Lọ́kọ́ja. Ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú kọ̀ọ̀kan ni mo rò pé ó sún mọ́ ọn jù, torí wọ́n mọ olórí ẹbí, àwọn tó wà lókè òkun ń dáwó fún wọn, ẹnikẹ́ni nínú wọn kì í sì í gba kọmíṣọ́n lórí ilé. Wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìlú kan, pẹ̀lú ilé àyágbé nìkan, kí wọ́n fi ilẹ̀ sílẹ̀ títí tí wọ́n á fi rí bí nǹkan ṣe ń lọ. Kí éjẹ́ńtì tó bá fẹ́ gbé ilé síbẹ̀ san owó díẹ̀ lórí ìkéde kọ̀ọ̀kan, iye kan náà fún ẹni tó wà nínú ẹgbẹ́ àti ẹni tí kò sí nínú rẹ̀.